Láti Orí Sítóófù Dé Orí Gírìlì: Iṣẹ́ Iná Tí Mo Ṣe ní Ìlobù àti Ìfọ́n

Bí ẹ bá dé Ìlobù tí ẹ sì ní Ìyá Onísítóófù lẹ ń wá, ilé mi ni wọn yóò mú yín wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti fọwọ́ kan sítóófù gbẹ̀yìn. Orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ mi lára. Nìmọ́tà ni bàbá mi sọ mí. Mo ti lọ sí Mẹ́kà, nítorí náà àwọn kan ń pè mí ní Àláájà, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ mí nídìí iṣẹ́ kò yé pè mí ní Ìyá Onísítóófù. Iṣẹ́ iná ni mo ṣe jẹun: iná sítóófù, lẹ́yìn náà iná kúkà gáàsì, nígbẹ̀yìn sì ni iná gírìlì, ìyẹn ààrò onígáàsì tí wọ́n fi ń yan ẹran nínú ọgbà ilé. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń parí ilé ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bi mí léèrè iṣẹ́ tó dára jù. N kò lè yan iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí tèmi ṣe rí.

Ìyá mi ń din àkàrà tà. Lọ́jọ́ kan sítóófù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, àkàrà sì ń dúdú. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún un ṣe ní Òkè-Fíà. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé sítóófù lé itan, kẹrosíìnì sì rin ìró mi gbingbin. Bàbá Ráìmì ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ìfọ́n ni wọ́n. Wọ́n tú sítóófù náà palẹ̀ lójú mi, wọ́n fọ gbogbo inú rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ òwú rẹ̀, wọ́n sì tan án. Iná tó ti ń pupa láàárọ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ó mọ́ roro, kò sì rú èéfín kankan mọ́. Mo dúró tì í, n kò fẹ́ lọ. Bàbá Ráìmì bi mí bóyá nǹkan mìíràn tún bàjẹ́. Mo ní rárá, mo kàn ń wò ó ni.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni àwọn òbí mi ti ní kí n kọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo ní n kò fẹ́ aṣọ rírán mọ́. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n béèrè bóyá obìnrin ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní n kò tíì rí ọ̀kan. Wọ́n ní kí n lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kò fẹ́ gbọ́ pé mo fi í sílẹ̀ lágbede méjì. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn.

Bàbá Ráìmì le. Wọn kì í na ọmọ iṣẹ́, wọn kì í sì í bú wa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ àṣetì. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń ha èédú kúrò lára sítóófù onísítóófù kí wọ́n tó jẹ́ kí n di sípánà mú. Bí mo bá parí iṣẹ́ kan, wọn yóò gbé e sórí tábìlì, wọn yóò yí i wò. Bí nǹkan kan bá kù, wọn kò ní sọ èyí tó kù. Wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, wọn yóò sì lọ jókòó. Èmi ni kí n wá ohun tó kù rí. Mo sunkún lọ́pọ̀ ìgbà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi padà sí Ìlobù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì màá tún wọ bọ́ọ̀sì náà.

Nígbà tí kúkà gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn èèyàn, Bàbá Ráìmì ti ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀, wọ́n lọ kọ́ ọ ní Ìbàdàn, àgbàlagbà tó ti ní ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé, wọ́n kó gbogbo wa jọ. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn wọn.

“Kẹrosíìnì máa ń jẹ́ kí ẹ rí òun. Bó bá jò, ẹ óò rí i nílẹ̀, ẹ óò sì nù ún. Gáàsì kò ní jẹ́ kí ẹ rí òun. Ẹ̀yin lẹ máa lọ wá a.”

Ọṣẹ la fi ń wá a. A óò po ọṣẹ mọ́ omi títí yóò fi hó, a óò fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún sí ibi tí róbà gáàsì ti pàdé sílíńdà, àti ibi tó ti pàdé kúkà. Bí gáàsì bá ń jò, ìhó ọṣẹ náà yóò máa wú sókè. Bí ó bá ń wú, iṣẹ́ kò tíì parí. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin kan tó ń kánjú wá gbé kúkà rẹ̀, ó ti fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ níta láìpa á. Mo kun ọṣẹ sí i, ìhó kan sì wú, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọkùnrin náà ní kí a má ṣe yọ ara wa lẹ́nu, kí a gbé e sínú ọkọ̀ fún òun. Bàbá Ráìmì dìde, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì gbé kúkà náà padà sínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin náà bínú gan-an, ó sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí èèyàn sọ sí àgbàlagbà. Bàbá Ráìmì yíjú sí mi. Wọ́n na sípánà sí mi, wọ́n ní kí n tún un dè. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ irú ọ̀gá tí mo fẹ́ jẹ́.

Wọ́n dá mi sílẹ̀, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìlobù, mo lọ́kọ, mo bímọ. N kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Bí ọdún ti ń lọ, kẹrosíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n bí ojú. Sítóófù tí wọ́n gbé wá tí wọn kò padà wá gbé kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ ń lọ ṣe nǹkan mìíràn, òmíràn ń gun ọ̀kadà, òmíràn ń ta kọ́ńpónẹ́ǹtì rédíò. Èmi ra sípánà tuntun, mo sì gba iṣẹ́ gáàsì mọ́ra tọwọ́tẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni gírìlì dé. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo àti ní Èkó ti ń kọ́lé sílé, ilé ọlọ́gbà, wọ́n sì fẹ́ máa yan ẹran lọ́jọ́ ìsinmi láìsí èéfín igi. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá bá mi, n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ìdérí ńlá bí àpótí, ó ní ẹsẹ̀ onítáyà, ó sì ní bọ́tìnnì mélòó kan níwájú. Ẹni tó ni ín sọ pé bí òun bá tan án, iná máa ń jó lábẹ́ bọ́tìnnì, níbi tí kò yẹ kó ti jó. Mo gbé e lọ bá Bàbá Ráìmì. Wọ́n ti dàgbà nígbà náà, wọn kò ṣí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ mọ́. Wọ́n wò ó yíká, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn náà kò rí irú rẹ̀ rí.

“A ò mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n wí, “ṣùgbọ́n gáàsì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, a mọ̀ ọ́n. Tú u.”

Àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀, a sì tú u. Wọ́n gbé ọ̀pá tí gáàsì ń gbà kọjá sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, wọ́n di ojú kan, wọ́n fi ìkejì wo inú rẹ̀. Wọ́n wá na án sí mi. Aláǹtakùn ti ta òwú sínú rẹ̀. Gáàsì kò rí ọ̀nà gbà jáde síwájú mọ́, ló bá ń padà sẹ́yìn, ibẹ̀ ló sì ti ń gbiná. Ohun kékeré bẹ́ẹ̀ lè sun ojú èèyàn. A fi wáyà kékeré rọra gbá a jáde, a fọ̀ ọ́, a tò ó padà, a kun ọṣẹ sí i. Nígbà tó jó dáadáa, Bàbá Ráìmì pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà tí wọ́n fi papò dà. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń pè sí ọ̀rọ̀ gírìlì láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun dé Ìfọ́n. Ohun tí mo ń sọ fún wọn kò pọ̀. Ìta gbangba ni kí gírìlì wà, kó jìnnà sí ògiri, kí òrùlé má sì sí lórí rẹ̀. Kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí gáàsì, nítorí bí gáàsì bá kún abẹ́ ìdérí kí iná tó kàn án, ojú ẹni tó ń tan án ni yóò bú sí. Bí kò bá gbiná, kí wọ́n pa á, kí wọ́n fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí wọ́n lọ jókòó títí gáàsì náà yóò fi lọ tán. Kí wọ́n máa da ọ̀rá inú àwo ìsàlẹ̀ nù. Bí ọ̀rá bá gbiná, kí wọ́n má da omi sí i láéláé. Bí wọ́n bá sì yan ẹran tán, kí wọ́n ti ẹnu sílíńdà, kì í ṣe bọ́tìnnì nìkan.

Mo ní àbúrò kan, Mulíkátù, ìyá kan náà ló bí wa. Ìfọ́n ló ti lọ́kọ. Sùlèmọ́nù, ọkọ rẹ̀, ń ta irin ìkọ́lé ní Òṣogbo, ó sì lawọ́. Ó ra gírìlì àlòkù kan láti Èkó nítorí ọdún Iléyá tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo pààrọ̀ róbà rẹ̀, mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí fún wọn. Wọ́n fi í yan ẹran níbi ìsọmọlórúkọ kan ládùúgbò, gbogbo rẹ̀ sì lọ dáadáa.

Lọ́jọ́ Iléyá, a ti kírun ní yídì dé, wọ́n ti pa àgbò, mo wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn obìnrin, a ń gé ẹran. Òjò bẹ̀rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ẹran tó ti wà lórí iná bàjẹ́, ni àwọn ọkùnrin bá ti gírìlì náà tòun ti sílíńdà wọ abẹ́ páànù tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ẹran ìhà àgbò náà sanra. Ọ̀rá ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ṣì wà nínú àwo ìsàlẹ̀, tuntun tún ń kán lé e. Ọ̀rá náà gbiná, iná sì gba àárín ẹran kọjá sókè. Sùlèmọ́nù ṣe ohun tí ẹni tó dàgbà sídìí iná igi máa ṣe. Ó gbé omi, ó sì dà á sí i.

Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn bá gbọn aṣọ tó tóbi. Nígbà tí mo jáde, ọ̀rá tó ń jó ti fò káàkiri, apá aṣọ Mulíkátù sì ń jó. Ó ti gbé àwo dúró lódì kejì gírìlì, ó fẹ́ kó ẹran. Sùlèmọ́nù ti fi ẹní bò ó, wọ́n jọ ṣubú sílẹ̀. Ó wù mí kí n sáré bá a. Ṣùgbọ́n mo rí i pé iná ti ń lá ẹ̀gbẹ́ róbà gáàsì, èèyàn sì kún abẹ́ páànù náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gba ẹ̀yìn sílíńdà yọ, mo sì ti ẹnu rẹ̀ pa. Iná gáàsì kú, ó ku ti ọ̀rá. Yẹ̀pẹ̀ ìkọ́lé wà nítòsí, mo fi ọpọ́n bù ú dà lé e títí ó fi kú. Ìgbà náà ni mo tó yíjú sí àbúrò mi.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká ti bó, apá kan ọrùn rẹ̀ náà sì ti bó. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé epo pupa dé, wọ́n fẹ́ fi pa á. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, kí wọ́n jẹ́ kí n fi omi tútù nìkan sí i. Mo ń da omi sí i láìdáwọ́ dúró títí ọkọ̀ fi dé, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo. Mulíkátù kò sunkún. Eyín rẹ̀ ló ń gbọ̀n.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e le ju ọjọ́ náà lọ. Ẹ̀gbọ́n Sùlèmọ́nù obìnrin sọ lójú àwọn ẹbí pé ará Ìlobù ló gbé nǹkan burúkú wọ ilé àwọn. Ẹ mọ̀ pé ìjà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì tipẹ́, nítorí náà irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í parí sí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́. Àwọn oníbàárà mi ń yẹra. Àwọn kan ta kúkà wọn, wọ́n padà sídìí èédú. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń jókòó, tí mo sì ń tì í. Ọkọ mi ní kí n sinmi nílé fúngbà díẹ̀. Mo ní rárá. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn, a jẹ́ pé mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Sùlèmọ́nù fẹ́ ta gírìlì náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Orí ibùsùn ni Mulíkátù wà nígbà tó gbọ́. Ó pè mí mọ́ra.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á. Bí wọ́n bá tà á, ẹ̀rù rẹ̀ ni yóò kù sílé wa. Bí ọwọ́ mi bá san, èmi fúnra mi ni mo máa tan án. Ẹ wá kọ́ mi, kì í ṣe kí ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ mi ṣe é.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gbé kúkà tàbí gírìlì wá kì í gbé e lọ mọ́ àfi bó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ọṣẹ, tó tan án, tó sì pa á lójú mi. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ṣé ilé ìwé ni àwọn wá ni. Mo jẹ́ kí wọ́n bínú. Lọ́jọ́ Àìkú, bí àwọn obìnrin bá parí àdúrà àṣàlátù, màá gbé gírìlì kan sí àgbàlá, màá sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá ní kí wọ́n sún imú mọ́ róbà, kí wọ́n mọ òórùn gáàsì dáadáa. Màá fi ọ̀rá díẹ̀ sínú àwo, màá jẹ́ kó gbiná, kí wọ́n lè pa gáàsì, kí wọ́n sì bu yẹ̀pẹ̀ lé e láìsá. Ní Ìlobù ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, mo sì lọ sí Ìfọ́n. Àwọn ilé kan kò ṣílẹ̀kùn fún mi ní Ìfọ́n. Màá kí wọn láti ìta, màá sì padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Mulíkátù ni ó fara balẹ̀ kọ́ ọ jù. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti le, kò lè na án tán, ó ń fi òsì ṣe é. Nígbà tí Iléyá mìíràn dé, ó gbé gírìlì sí ẹ̀yìnkùlé, sí gbangba, ó ṣí ìdérí, ó da ohun tó wà nínú àwo nù lójú gbogbo ẹbí, ó kun ọṣẹ, ó wò ó, ó sì tan án. Sùlèmọ́nù dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ nínú garawa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò súnmọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹran jinná, wọ́n rán ọmọ kan wá gba ìhà. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ nípa ará Ìlobù lọ́jọ́ náà.

Mo ṣe iṣẹ́ náà lọ títí orúnkún mi kò fi jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sídìí sílíńdà mọ́. Rùkáyà, ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ tí mo sì dá sílẹ̀, ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun gba ṣọ́ọ̀bù. Mo ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la fún un. Mo ń rò pé bí n kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò máa sáré lọ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?

Ìgbà kan wá dé tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún le, tí ọ̀nà Ìlobù sí Ìfọ́n dá páropáro. N kò lè lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, òun náà kò lè wá. Orí fóònù nìkan la ti ń gbọ́ ohùn ara wa. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní òórùn gáàsì ń jáde láti ilé ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo dìde, mo ń wá bàtà, bí ẹni pé ọ̀nà ṣí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sínú fóònù pé kí wọ́n má tan iná, kí wọ́n má fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n kó àwọn èèyàn jáde.

Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó wá sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Òun ti lọ kan ilẹ̀kùn, òun ti kó ìyá àgbà àti àwọn ọmọ jáde, òun ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan súìsì. Òun ti ṣí fèrèsé, òun ti ti ẹnu sílíńdà, àwọn sì ti gbé e sí gbangba. Òun ti kun ọṣẹ sí i. Róbà rẹ̀ ló ti sán, òun sì ti gé e sọ nù kí wọ́n má baà tún lò ó.

Mo jókòó. Mo bi í kí ló wá fẹ́ kí n ṣe.

“Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wí. “Mo kàn ní kí ẹ gbọ́ ni.”

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a kí ara wa dáadáa, ó sì pa fóònù. Mo pe Rùkáyà, mo ní kó máa bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́.